Ẹran Tó Dára Jù Là Ń Pa: Ó Yẹ Kí Ẹdẹ Ní Ìpàtẹ Ẹran Ọ̀sìn

Bí a bá ń wádìí ohun tó fà á tí ẹran ọ̀sìn wa kò fi tóbi sí i nílùú Ẹdẹ, kí a má wo oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ nìkan. Kí a wo irú èyí tí à ń tà àti irú èyí tí à ń fi sílẹ̀. Òbúkọ tó bá yára dàgbà kì í pẹ́ nílé. Kí ó tó pé ọdún kan, oníṣòwò ẹran ti fojú sí i lára, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ti dé, tàbí òkú àgbà ti ṣẹlẹ̀, ó sì ti di títà. Àgbò tó sanra jù, tí ìwo rẹ̀ ká dáadáa, Iléyá ló ń dúró dè é. Èyí tó ń kù lẹ́yìn ni akọ tí kò dàgbà bọ̀rọ̀, tí oníbàárà kankan kò ná. Òun ló máa gun àwọn abo tó wà ládùúgbò, òun náà ni yóò sì jẹ́ baba àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ti sọ ọ́ tipẹ́ nípa ewúrẹ́ ilẹ̀ wa pé bí a ṣe ń tètè ta akọ tó yára dàgbà yìí ń fa ìran rẹ̀ sẹ́yìn. Ọwọ́ ara wa la fi ń yan èyí tó gbẹ̀yìn láti ṣe baba, tí a sì ń fi èyí tó gbawájú se ọbẹ̀.

Òfin kò lè yí èyí padà, nítorí kò sí òfin tó lè sọ fún ìyá tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ká mọ́ pé kó má ta òbúkọ rẹ̀. Ohun tó lè yí i padà ni kí ẹran tó dára máa mówó wọlé fún olówó rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, ju iye tí alápatà máa san lọ. Ọ̀nà kan tí aráyé ti dán wò fún ohun tó lé ní igba ọdún ni ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn. Àwọn olùsìn á kó ẹran wọn wá sójú agbo, adájọ́ tó mọṣẹ́ á yẹ̀ wọ́n wò lójú gbogbo ènìyàn, á sọ èyí tó gbawájú, á sì sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbà rò ni pé ó yẹ kí Ẹdẹ ní irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ̀bùn rẹ̀ sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹran tí a fẹ́ kó bímọ.

Ìpàtẹ kì í ṣe àjèjì sí wa. Láyé ìjọba Òyìnbó àti láyé ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, a máa ń ṣe ìpàtẹ irè oko àti ẹran ọ̀sìn, ilé-ẹ̀kọ́ sì ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àgbẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń sin adìẹ, ehoro àti ewúrẹ́. Àwọn àgbàlagbà tó bá a láyé kì í sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín: ìlù, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a fọ̀ tó mọ́ tónítóní, ẹran tí a wẹ̀ títí irun rẹ̀ fi ń dán. Ìrántí náà dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi mọ sórí adùn nìkan, a ti gbàgbé iṣẹ́ tí ìpàtẹ wà fún. Olùsìn tó fa ewúrẹ́ rẹ̀ wá rí ewúrẹ́ ẹlòmíràn tó ju tirẹ̀ lọ, ó béèrè ohun tí wọ́n fi bọ́ ọ, ó béèrè ilé tí baba rẹ̀ ti wá, ó sì padà sílé pẹ̀lú òdiwọ̀n tuntun lọ́kàn. Ìpàtẹ ṣì wà lónìí níbòmíràn ní Nàìjíríà. Ìpàtẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ará Argungu ní Ìpínlẹ̀ Kebbi ń ṣe nígbà ọdún ẹja pípa wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìpàtẹ gbogbo orílẹ̀-èdè ti máa ń wáyé ní Tudun Wada, ní ojú ọ̀nà Àbújá sí Keffi. Ṣùgbọ́n ìyá tó ní ewúrẹ́ mẹ́ta ní Ẹdẹ kò lè gbé e dé Keffi. Ìpàtẹ tó máa wúlò fún un gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Kí a wo bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é. Ní Dishley, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Bakewell, tó kú lọ́dún 1795, kì í sáàbà ta àgbò rẹ̀ tó dára jù. Ńṣe ló ń fi yáni fún sáà kan. Owó tó ń gbà lórí wọn kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ayé rí ọmọ tí àgbò náà ń bí, owó ìyálò àgbò kan ṣoṣo di ọgọ́rọ̀ọ̀rún gíínì. Ìyẹn ni pé àgbò rẹ̀ níye lórí láàyè ju lórí àwo lọ. Ní Pittsfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Elkanah Watson so àgùntàn Merino méjì mọ́ gbangba ìlú lọ́dún 1807. Èrò tó wá wò wọ́n pọ̀ débi pé ó rò ó pé bí ẹran méjì bá lè kó ènìyàn jọ báyìí, kí ni ìpàtẹ ńlá kò ní ṣe? Lọ́dún 1810, ó ṣètò ìpàtẹ ẹran níbẹ̀, nígbà tó di 1811, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Berkshire ti fìdí múlẹ̀, nígbà tó yá, Watson tún fi ẹ̀bùn fún aṣọ tí àwọn obìnrin hun kún un kí tọkọtaya lè jọ wá. Láti irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìpàtẹ agbègbè tó gbilẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀ wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1838 ṣe ìpàtẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Oxford lọ́dún 1839.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti àwọn Òyìnbó nìyẹn, kó wo Sẹ̀nẹ̀gàl, tó jẹ́ pé ọmọ ìyá wa ni wọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì ń ṣe Iléyá bíi tiwa. Wọ́n ní irú àgùntàn kan tó ń jẹ́ Ladoum. Àgbò rẹ̀ máa ń wúwo ju 100 kílò lọ, ó ga, etí rẹ̀ rọ̀, ìwo rẹ̀ sì ká. Àwọn tó ń sìn ín máa ń kó o wá sí ìdíje, adájọ́ á wọn gíga àti gígùn rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ní ètò tẹlifíṣàn tó ń jẹ́ Khar Bii tí ẹran ti ń díje. Ojúlówó Ladoum kì í ṣe ẹran tí wọ́n ń sáré pa lọ́jọ́ Iléyá. Akọ tó gba ipò kìn-ín-ní di baba agbo, àwọn ènìyàn á máa sanwó kí ó lè gun abo wọn, wọ́n á sì máa dúró de ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tó baba wọn ni wọ́n ń tà fún Iléyá. Ẹ rí i pé Iléyá kò dẹ́kun, ẹran kò sì wọ́n. Ètò tí wọ́n fi ń pín in ló yí padà: èyí tó gbawájú fún ìran, èyí tó tẹ̀lé e fún ọbẹ̀.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn tiwa náà ní ohun tó tọ́ sí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa kì í sáàbà wúwo ju 25 sí 30 kílò lọ, èyí sì ló mú kí àwọn kan máa fojú di í. Ṣùgbọ́n ó lè gbé ibi tí eṣinṣin tsetse wà láìkú àìsàn tí eṣinṣin náà ń gbé kiri. Oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀, ìbejì wọ́pọ̀ nínú ọmọ rẹ̀, ìbẹta kò sì ṣàjèjì. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ àti ewé ẹ̀bá ọ̀nà tó o jẹ. Àwọn àgbò òkè Ọya tó ń wọ ọjà wa nígbà Iléyá, Balami funfun ńlá, Uda tí iwájú rẹ̀ pọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, àti Yankasa olójú dúdú, wọ́n rẹwà, wọ́n sì ga, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni a bí wọn sí, ọ̀rinrin àti eṣinṣin ilẹ̀ wa kì í bá wọn lára mu. Nítorí náà, ọ̀nà tó dájú ni kí a yan èyí tó dára jù nínú tiwa, kí a sì mú un bímọ. Pé èyí ṣeé ṣe, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta ti fi hàn lára adìẹ. Adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọ́n fi ní FUNAAB Alpha, tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2018.

Ẹni tí ìpàtẹ yìí máa kọ́kọ́ ṣe lóore ni àwọn obìnrin. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ wọn ni púpọ̀ nínú ewúrẹ́ àti àgùntàn agboolé wà, ẹran náà sì ni owó ìpamọ́ wọn. A ti ní àṣà tó lè gbé ìpàtẹ ró, ìyẹn ẹran àgbàsìn. Ẹni tó ní abo á fà á fún ẹlòmíràn pé kó máa bá òun sìn ín, wọ́n á sì jọ pín ọmọ. Kò sí ohun tó ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ fún akọ. Kí òbúkọ tó gba ipò kìn-ín-ní máa gbé ilé olówó rẹ̀, kí àwọn tó fẹ́ kó gun abo wọn máa san iye kan, tàbí kí wọ́n fi ọmọ kan ṣe owó. Bí ìyá kan bá ń rí owó lára òbúkọ rẹ̀ lóṣooṣù, kò ní yá a lára láti tà á nígbà tí oníṣòwò bá kan ilẹ̀kùn. Àwọn tí kò ní akọ tó dára náà á bọ́ lọ́wọ́ àbùkù mìíràn tó ń bá ẹran wa jà. Nínú ẹran tó ń jẹ̀ káàkiri láìsí ẹni tó ń yàn fún un, òbúkọ kì í pé oṣù mẹ́fà kó tó lè gùn, àbúrò àti ìyá rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ bá pàdé. Bí akọ tí a kò fẹ́ bá wà nílé, kí a tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, yóò sanra fún ọjà, kò sì ní ba ìran jẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ẹdẹ? Ìlú tí Iléyá ti jẹ́ ọ̀ràn ńlá ni. Tìmì Abíbù Lágúnjú jẹ́ ọba Mùsùlùmí níbẹ̀ ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí irú rẹ̀ kò tí ì wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìlú tó mọ bí a ṣe ń kó ènìyàn jọ láìfi ìwà ọmọlúàbí sílẹ̀ sì ni. Àwọn ọdún ìbílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé Ulli Beier fi ìwé kan tó jáde lọ́dún 1959 ṣàlàyé wọn látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, láyé Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Ojú irin tó gba Ẹdẹ kọjá ló gbé màlúù òkè Ọya lọ sí Ìbàdàn àti Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí, ìlú náà ní Pólítẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀, Yunifásítì Adeleke àti Yunifásítì Redeemer's. Ní Redeemer's yìí ni ibùdó ìwádìí àrùn tí wọ́n ń pè ní ACEGID wà, níbi tí a ti kọ́kọ́ ka àwòrán jínómù kòkòrò kòrónà nílẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ìlú tó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ kò yẹ kó máa fi ojú lásán yan baba ẹran.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àrùn. Ẹni tó ní kíkó ẹran jọ lè tan àrùn ká kò parọ́. Àrùn tí àwọn olùsìn ń pè ní kata, tó máa ń mú kí imú àti ojú ewúrẹ́ máa ṣomi, kí ẹnu rẹ̀ máa ní egbò, kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru, lè pa agbo ẹran run láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2001, wọ́n fagi lé ìpàtẹ ńlá wọn. Ohun tó yẹ kí a kọ́ níbẹ̀ ni pé ìpàtẹ gbọ́dọ̀ ní òfin. Kí ẹran tí a kò gún lábẹ́rẹ́ kata ní oṣù kan ṣáájú má wọlé. Kí dókítà ẹran dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó dá ẹran tó ń húkọ́ padà. Kí ẹran tó ti ìpàtẹ dé máa gbé lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà. Nígbà Iléyá, ẹran láti ìpínlẹ̀ mẹ́wàá ń pàdé lójú ọ̀nà wa láìsí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò, nítorí náà ìpàtẹ tó ní òfin á mú kí ọ̀pọ̀ olùsìn gún ẹran wọn lábẹ́rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ ló sì lè ṣẹ́gun irú àrùn yìí. Ọ̀nà yẹn ni a fi gba ayé lọ́wọ́ àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest, tí a kéde lọ́dún 2011 pé ó ti parẹ́.

Àtakò kejì ni pé ìdíje lè mú kí a máa yin ẹwà dípò ìwúlò. Òtítọ́ ni èyí náà. Ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1940 sí 1960, àwọn adájọ́ ìpàtẹ fẹ́ràn màlúù Hereford kúkúrú tó ki, àwọn olùsìn sì ń lé e, títí àbùkù ìbí kan fi tàn kálẹ̀ tí ọmọ màlúù fi ń di aràrá. Adájọ́ tó yan àṣìṣe, gbogbo agbo ló máa ṣìnà. Nítorí náà, kí ohun tí a máa fi dájọ́ ní Ẹdẹ wà ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹran tó dé. Kí a wọn ìwúwo rẹ̀ mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀, kí a la ẹnu rẹ̀ wo eyín iwájú láti mọ̀ bóyá ọjọ́ orí tí olówó rẹ̀ sọ jóòótọ́, kí a wo bí ẹsẹ̀ ṣe dúró, kí kórópọ̀n akọ méjèèjì wà ní dọ́gba, kí ọmú abo má ní egbò. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni iye ọmọ tí abo náà bí tí ó sì wò yè títí wọ́n fi já lẹ́nu ọmú. Ewúrẹ́ tí irun rẹ̀ kò dán ṣùgbọ́n tó wo ọmọ márùn-ún yè láàárín ọdún kan ààbọ̀ yẹ kó borí èyí tó rẹwà tí kò bí ju ọ̀kan lọ.

Àwọn kan á ní àwọn olówó àti olóṣèlú ló máa gbà á, pé wọ́n á ra àgbò ńlá láti Kano lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n á sì gbé ife lọ. Ìpàtẹ lè dènà èyí bí a bá pín ìdíje sí ọ̀wọ́. Kí ọ̀wọ́ tó lọ́lá jù jẹ́ ti ewúrẹ́ àti àgùntàn ìbílẹ̀ tí a bí nílé ẹni tó mú un wá, tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ látìgbà tó wà lọ́mọ oṣù mẹ́ta. Kí ọ̀wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, kí ọ̀wọ́ àwọn obìnrin wà. Kí àgbò tí a rà ní ọ̀wọ́ tirẹ̀, kó má sì gba ẹ̀bùn baba agbo. Kí adájọ́ jẹ́ ẹni tó ti ìlú mìíràn wá, tí kò ní ìbátan lórí pápá.

Àwọn onígbàgbọ́ mìíràn lè bẹ̀rù pé fífi ẹran hàn jẹ́ ṣekárími. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Ìsìláàmù gan-an ti kọ́ wa láti yẹ ẹran wò. Ẹran tí ojú rẹ̀ fọ́, tí àìsàn rẹ̀ hàn gbangba, tí ó yarọ tàbí tí ó rù kan egungun, kò ṣeé fi pa Iléyá. Mùsùlùmí Ẹdẹ ti ń ṣe adájọ́ ẹran lọ́dọọdún láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn. Ìpàtẹ kò fẹ́ gba ẹran tó pé lọ́wọ́ ìrúbọ. Ó fẹ́ kí ẹran tó pé pọ̀, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan náà lè rí èyí tí kò ní àbùkù rà. Kò sí ohun tó ní kí àgbò má bímọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ẹni tó ní ebi ló ń pa ìlú, pé kí a má fi owó ṣe àríyá, kó rò ó dáadáa. Ìpàtẹ yìí kò béèrè ju pápá ilé-ẹ̀kọ́, òṣùwọ̀n, ìwé àkọsílẹ̀, abẹ́rẹ́, omi àti ibòji lọ. Ẹ̀bùn rẹ̀ lè jẹ́ oògùn ẹran ọdún kan, tàbí igi àgúnmániyè tí àwọn onímọ̀ kọ́ àwọn ará abúlé agbègbè Ọ̀yọ́ láti gbìn fún oúnjẹ ẹran láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn lọ́dún 2024. Bí gbogbo ètò rẹ̀ bá mọ sórí màlúù àti ibùjẹ ńlá, ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé tó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀, àyàfi bí ìlú bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ hàn.

Mo ń bẹ Kábíyèsí Tìmì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n yan ọjọ́ kan. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, tí gbogbo ayé ń ṣe àyájọ́ oúnjẹ, dára, nítorí ó jìnnà sí Iléyá fún ọdún mélòó kan sí i, ẹran tó bá borí á sì ráyè bímọ kí ẹnikẹ́ni tó ronú pípa á. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ẹdẹ Àríwá àti ti Gúúsù pèsè abẹ́rẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa gba wíwọn àti àkọsílẹ̀ sọ́wọ́, kí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì kéde rẹ̀, kí ọdún àkọ́kọ́ mọ sórí ewúrẹ́ àti àgùntàn ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí a gbé ọmọ àwọn akọ tó borí sórí òṣùwọ̀n, kí a fi ìwúwo wọn wé ti àwọn ẹran tí a kọ sílẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, kí a sì ka èsì rẹ̀ sétí gbogbo ìlú. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, a ti pàdánù owó abẹ́rẹ́ tó yẹ ká ná tẹ́lẹ̀. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ìlú mìíràn ní Ọ̀ṣun á wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa.